Fídíò Ìkòkò Mímọ Wo Ló Yẹ Ká Fi Han Àwọn Ọmọ Sẹ́kọ́ńdírì?

Tíṣà kan ló kọ̀wé sí mi. Iṣẹ́ amọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, àwọn tó wà láàárín ọdún 14 sí 17. Ó ní òun fi fídíò oníwákàtí kan nípa ìtàn ìkòkò hàn wọ́n, kó tó dé ìdajì àwọn kan ti ń sùn, àwọn tó kù ti wà lórí fóònù. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé irú fídíò wo ló máa jẹ́ kí ara wọn yá gágá láti ṣiṣẹ́, àti pé kí lòun máa ṣe sí àwọn fídíò kéékèèké tí wọ́n ń wò lórí fóònù fúnra wọn, èyí tí amọ̀ máa ń yí, tí gbogbo ẹ̀ máa ń dán, tí ìkòkò á sì yọ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi pé wọ́n pidán.

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ wá fídíò tó gùn, tó kún fún ọ̀rọ̀, a máa ń sọ pé kí àwọn ọmọ lè mọ ìtàn. Ìtàn dáa o, àmọ́ ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ rí kò ní nǹkan kan tó máa so ìtàn yẹn mọ́, á kàn wọ etí kan jáde létí kejì ni. Èmi o, ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń yan fídíò: tó bá parí, ṣé ọmọ á fẹ́ dìde lọ gbá amọ̀ mú? Tó bá kàn máa sọ pé "èyí mà rẹwà o" tó sì máa jókòó síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ wo ìyẹn nílé. Fídíò kíláàsì gbọ́dọ̀ kúrú, ìṣẹ́jú 3 sí 8 ti tó, ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ hàn jù, kì í ṣe ojú ẹ̀, nǹkan kan péré ló sì gbọ́dọ̀ kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Tí fídíò tó dáa bá gùn jù, ẹ gé ibi tẹ́ ẹ nílò, ẹ má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó ní dandan kí wọ́n wò ó tán.

Ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rárá, ìyẹn pèpéle tó ń yí tí wọ́n ń gbé amọ̀ lé láti mọ ìkòkò. Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló ń wu gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan tó jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, tó fa amọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà bíi pé kò wúwo, ọmọ á lọ sídìí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀, amọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, á fò bọ́ sílẹ̀, ọmọ á ní òun ò lẹ́bùn ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń fọwọ́ lásán mọ ìkòkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí ìkòkò ẹ̀ sì tóbi ju ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ lè ṣe lọ.

Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni Ladi Kwali. Obìnrin Gwari ni, ìlú Kwali ní Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, àárín àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ló ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré. Ní 1954 ló wọ ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew, ará Gẹ̀ẹ́sì, ń darí ní Abuja ìgbà yẹn, ìlú tó ń jẹ́ Suleja lónìí. Ó kọ́ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ó kọ́ gíléèsì, ìyẹn ohun dídán tí wọ́n ń kùn sára ìkòkò tí iná á sì yọ́ mọ́ ọn lára bíi gíláàsì, àmọ́ kò torí ìyẹn pa ọ̀nà tiẹ̀ tì. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá ńlá ẹ̀, á wá fín alángbá, àkeekèé, ejò àti ọ̀nì sí wọn lára, á fi omi amọ̀ funfun dí ojú ìlà tó fín, wọ́n á fi gíléèsì sí i, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná gan-an. Ìkòkò àtijọ́ àti iná ìgbàlódé pàdé lára iṣẹ́ kan náà. Ní 1972 ó bá Cardew lọ káàkiri Amẹ́ríkà, ó ń mọ ìkòkò lójú àwọn èèyàn, àwọn tó sì ti ń fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ẹ̀. Àwòrán ẹ̀ ló wà lẹ́yìn owó ogún náírà Nàìjíríà. Àwòrán ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò lọ́nà kan náà sì wà dáadáa, ẹ wá a.

Tẹ́ ẹ bá ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má wo ọwọ́ nìkan, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ obìnrin yẹn. Á gbé ìṣù amọ̀ kalẹ̀, á fi ìkúùkù gbá àárín ẹ̀ kó lè dá ihò sí i, á wá tẹ̀ ba, á ki ọwọ́ kan sínú, ọwọ́ kejì á wà níta, á máa fa amọ̀ sókè láti inú wá. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, kò ní yára, kò sì ní dúró, ọwọ́ ẹ̀ á wà lójú kan náà lára amọ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń yí. Tí ògiri ìkòkò bá tó sókè díẹ̀, á yí amọ̀ bí okùn, á tò ó sórí ẹnu ẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, á tún máa yí lọ. Tó bá kan ẹnu ìkòkò, á mú nǹkan rírọ̀ tó ti rẹ sínú omi, á gbá ẹnu yẹn mú pẹ̀lú ẹ̀ láàárín ìka, á yí i ká lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnu yẹn á sì rí róbótó. Ìkòkò ò yí, èèyàn ló ń yí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dá fídíò dúró, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló ń ṣiṣẹ́ kẹ̀kẹ́ níbí? Ẹ̀yin ẹ dákẹ́ ni, wọ́n á rí i fúnra wọn, ẹni tó bá sì rí i fúnra ẹ̀ kò ní gbàgbé láéláé. Kí wọ́n wá dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì délẹ̀, kí wọ́n gbé amọ̀ sórí ẹ̀, kí kálukú máa rìn yí tiẹ̀ ká. Kíláàsì á gbóná lọ́jọ́ yẹn, mo fi dá yín lójú.

Ibi tí mo máa ń rán àwọn tíṣà lọ tí wọ́n bá fẹ́ irú fídíò yìí sí i ni àkójọ UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti àwọn iṣẹ́ àjogúnbá tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ kó má bàa parẹ́. Fídíò máa ń wà pẹ̀lú èyí tí wọ́n bá kọ, kì í sì í gùn. Ti àwọn obìnrin Sejnane ní Tunisia wà níbẹ̀, 2018 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń wa amọ̀, tó ń pò ó, tó ń sun ún. Ti agbègbè Kgatleng ní Botswana wà níbẹ̀ láti 2012, ti àwọn Cham ní Vietnam náà, 2022 ni tiwọn, àwọn náà máa ń rìn yí ìkòkò ká. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, ìṣẹ́jú méjì méjì, láìsọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá. Ọmọ á rí i pé àwọn tí kò mọ ara wọn rí, tí òkun wà láàárín wọn, ọwọ́ wọn ń ṣe ohun kan náà, torí pé amọ̀ kan náà ló ń kọ́ gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Kẹ́ ẹ sì pa ohùn fídíò yẹn o, torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ ọdún 15.

Fídíò kejì tó ṣe pàtàkì ni ti iná. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ amọ̀ ò rí iná rí: wọ́n á gbé iṣẹ́ wọn fún tíṣà, tíṣà á kó o sínú iléru oníná mànàmáná, wọ́n á dé lọ́jọ́ kejì, ó ti jinná. Kò sí ohun tó ń wú wọn lórí nínú ìyẹn. Ẹ wá fídíò Maria Martinez fún wọn, obìnrin ará San Ildefonso ní New Mexico, tí wọ́n bí ní 1887 tó sì kú ní 1980. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ibi ìtura orílẹ̀-èdè ya fíìmù nípa òun àti ẹbí ẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, láti orí amọ̀ wíwà dé orí sísun. Ọwọ́ lòun náà fi ń mọ ọ́n. Á fi omi amọ̀ pa á lára, á mú òkúta kan tó jọ̀lọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi dán an, ó lè pẹ́ gan-an nídìí ìyẹn nìkan, títí ara ìkòkò á fi máa gbé òjìji ẹni jáde láìsí gíléèsì kankan. Nígbà tí ọkọ ẹ̀, Julian, wà láyé, òun ló máa ń fi omi amọ̀ kun àwòrán sórí ibi dídán yẹn; ó ti kú ní 1943, kí wọ́n tó ya fíìmù yìí.

Ẹ wá wo iná ẹ̀. Ìta gbangba ni, igi lábẹ́, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ yí i ká. Ìkòkò yẹn pupa nígbà tó wọlé, tí wọ́n bá jẹ́ kí iná yẹn jó tán bó ṣe wà, pupa náà ló máa jáde. Àmọ́ tí iná bá ti mú dáadáa, wọ́n á da ìgbẹ́ tí wọ́n ti gún kúnná bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, èéfín á bo ibi gbogbo, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà wọlé. Iná tí kò rí ọ́síjìn láti inú atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde lára irin tó wà nínú amọ̀, èédú inú èéfín náà á tún wọ ara amọ̀, ìkòkò pupa á di dúdú kirikiri, ibi tó dán á máa dán, ibi tí wọ́n kun àwòrán sí á wà láìdán, dúdú lórí dúdú. Tí wọ́n bá ti fẹ́ da ìgbẹ́ yẹn sí i, ẹ dá fídíò dúró kẹ́ ẹ béèrè pé àwọ̀ wo ló máa jáde. Kí gbogbo wọn kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹni kankan má pariwo. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, tí wọ́n yọ ìkòkò dúdú yẹn jáde nínú eérú, ẹ máa gbọ́ ariwo. Kẹ́mísírì tí tíṣà wọn ń kọ́ wọn ní kíláàsì kejì náà nìyẹn o, kẹ́ ẹ sọ fún wọn.

Lẹ́yìn Ladi Kwali àti Maria Martinez, ẹ fi Magdalene Odundo parí ẹ̀. Kenya ni wọ́n ti bí i, ní 1950, Bìrìtìkó ló ń gbé tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Abuja tí Ladi Kwali wà ní àárín àwọn ọdún 1970, ó tún lọ sí San Ildefonso lọ́dọ̀ àwọn Maria. Òun náà kì í lo gíléèsì, ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, á dán an, á sun ún, òmíràn á pupa bí ọsàn tó pọ́n, òmíràn á dúdú. Ìkòkò ẹ̀ dúró bí èèyàn, ó ní ọrùn, ó ní ikùn. Fídíò tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn mùsíọ́ọ̀mù. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ rí níbẹ̀ ni pé ẹni kan ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ó wá sọ ọ́ di tiẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn, ọmọ tó jókòó níwájú fídíò náà ti wà lójú ọ̀nà yẹn.

Ó wá kan kẹ̀kẹ́. Fún ìyẹn, fídíò tí wọn ò mú yára ni mo fẹ́, tí amọ̀ ti lo ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò. Hsin-Chuen Lin ní fídíò tó pọ̀ gan-an lórí YouTube, ó ń kọ́ni bíi tíṣà ni, díẹ̀díẹ̀, ìkòkò kan lẹ́yìn òmíràn. Florian Gadsby, ará Bìrìtìkó tó lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní Japan, máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é láti amọ̀ tútù títí dé ìgbà tó ń ṣí iléru, fídíò ẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn ọmọ sì máa ń fẹ́ràn ẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wo ìkòkò tó ń gòkè, kí wọ́n wo ìgúnpá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé ìgúnpá lé itan tàbí kó fún un mọ́ ìhà, apá ẹ̀ ò lè mì, amọ̀ ló máa gbà fún un. Ọmọ tuntun máa ń na apá méjèèjì síta, amọ̀ á máa ti apá ẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan, tí wọ́n bá rí i nínú fídíò kí wọ́n tó jókòó, ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Fídíò míì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá ni èyí tí wọ́n ti fi okùn wáyà gé ìkòkò tútù sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú máa ń ro ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i, á ní kí ló dé tí wọ́n fi ba nǹkan tó dáa jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó wo inú ògiri ẹ̀: ibi tó nípọn, ibi tó fẹ́lẹ́, bí ìsàlẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà kí àwọn náà gé tiwọn. Ọmọ tó bá ti gé ìkòkò ara ẹ̀ sí méjì tó rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn ìlọ́po mẹ́ta ògiri ẹ̀, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ bí ìkòkò ṣe nípọn tó fún un mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó bàjẹ́ náà hàn wọ́n. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn torí mo rò pé òun là ń fò jù. Ìkòkò tó wó lórí kẹ̀kẹ́, èyí tó là nídìí, èyí tí gíléèsì ẹ̀ ṣàn lẹ̀ mọ́ pẹpẹ iléru, èyí tó bú gbàmù nínú iná. Fídíò irú ẹ̀ pọ̀, àwọn amọ̀kòkò tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ò tijú láti ṣí iléru wọn lójú kámẹ́rà. Ẹ wá sọ ìdí ẹ̀ fún wọn: tí ìkòkò ò bá gbẹ dénú, tí iléru kọjá dígírì 100, omi inú ẹ̀ á di ooru, ooru yẹn fẹ̀ ju omi lọ fíìfíì, tí kò bá rí ọ̀nà gbà jáde á fọ́ ìkòkò. Pé ó nípọn nìkan kọ́ ló ń fọ́ ọ, omi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan bíi dígírì 573, tí òkúta quartz tó wà nínú amọ̀ máa ń fẹ̀ lójijì tí iná bá ń gòkè, tó sì máa ń sún kì tó bá ń tutù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣí iléru láìtíì tutù fi máa ń gbọ́ tí iṣẹ́ ń ró pàù. Ọmọ tó bá ti rí ìkòkò ọ̀gá tó fọ́ á farabalẹ̀ tí tiẹ̀ náà bá fọ́, kò ní sunkún kó sá kúrò ní kíláàsì.

Fún àwọn tó bá fẹ́ràn ìdíje, ètò tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní The Great Pottery Throw Down, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, dáa láti gé díẹ̀díẹ̀. Keith Brymer Jones tó ń ṣe adájọ́ níbẹ̀ máa ń da omijé lójú tí iṣẹ́ ẹnì kan bá wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ọmọkùnrin tó rò pé kò yẹ kí ọkùnrin fi ìmọ̀lára hàn nídìí abọ́, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu, ó sì dáa kó yà wọ́n lẹ́nu.

Ẹ máa ní àwọn ọmọ kan tí ọ̀rọ̀ ìkòkò ò kàn rárá, wọ́n fẹ́ nǹkan tó ń sọ̀rọ̀. Fún àwọn yẹn, ẹ fi iṣẹ́ tí Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, gbé kalẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù Tate Modern ní London ní 2010 hàn wọ́n. Mílíọ̀nù 100 hóró sunflower tó jẹ́ tánganran ni, wọ́n fi ọwọ́ kùn wọ́n ní Jingdezhen ní Ṣáínà, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe tánganran láti ayébáyé, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,600 ló ṣe é. Tate ní fíìmù kúkúrú tó fi àwọn obìnrin yẹn hàn tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun hóró kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á gbé òmíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ta ló ni iṣẹ́ yẹn, ṣé ẹni tó ronú ẹ̀ ni àbí àwọn tó kùn ún? Ẹ jókòó, wọ́n á jà. Ọ̀rọ̀ míì tún wà níbẹ̀ tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn èèyàn láyè láti rìn lórí ẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi dí i torí eruku tánganran tó ń dìde. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ti eruku amọ̀ fún wọn, pé sílíkà inú ẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ tó bá pẹ́, pé kí wọ́n má gbálẹ̀ kíláàsì ní gbígbẹ, omi àti kànrìnkàn ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n má ha ìkòkò gbígbẹ láìfi ìbomú bomú. Wọ́n á gbọ́, torí wọ́n ti rí i pé mùsíọ́ọ̀mù ńlá pàápàá ti àyè pa nítorí ẹ̀.

Èyí tó tún máa ń mú wọn ni òdòdó poppy alámọ̀ tí Paul Cummins àti Tom Piper kó sí Tower of London ní 2014, 888,246 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀mí ọmọ ogun Bìrìtìkó àti ti àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso tó bọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwòrán rẹ̀ láti òkè ti tó.

Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé kíkọ ńkọ́? Ẹ sọ̀rọ̀ David Drake fún un. Ẹrú ni, amọ̀kòkò ni, Edgefield ní South Carolina ló wà. Òfin ibẹ̀ ní 1834 kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú níwèé, síbẹ̀ ó ń fín orúkọ ẹ̀, Dave, àti ewì kúkúrú sára ìkòkò tútù kí wọ́n tó sun ún, gbogbo ayé ló sì lè kà á. Ó mọ ìkòkò kan ní 1859 tó ń gba nǹkan bíi lítà 150. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà ti ṣe fídíò nípa ẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi hàn wọ́n, ẹ fún wọn ní amọ̀ pẹlẹbẹ àti igi ṣóńṣó, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ má ṣàtúnṣe sípẹ́lì.

Nípa bẹ́ ẹ ṣe máa fi hàn wọ́n, ohun tó ṣiṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi ni pé kí amọ̀ wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí fídíò ń lọ. Ìṣù tó tó ìkúùkù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó ní amọ̀ kò lè di fóònù mú, ìyẹn kọ́kọ́ dáa, àmọ́ ohun tó ju ìyẹn lọ ni pé ọwọ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ojú wọn ń rí láìsí pé ẹ sọ fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ ẹ pa ohùn ẹ̀, kí wọ́n wò ó lásán. Ìgbà kejì ẹ dá a dúró ní ibì kan tàbí méjì kẹ́ ẹ béèrè pé kí ló ń bọ̀. Ìgbà kẹta tó bá pọn dandan, kí ohùn wà. Ẹ ti dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ o, kí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa ba ọjọ́ jẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wò ó tán fúnra yín torí àwọn kan wà tí wọ́n ti ń da ọwọ́ lásán bọ inú gíléèsì tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tàbí tí wọ́n ń yọ iṣẹ́ raku, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n máa ń mú kúrò nínú iléru nígbà tó ṣì ń pọ́n yòò, jáde láìwọ ìbọ̀wọ́ tó dáa. Tẹ́ ẹ bá lo irú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta pé èyí ò dáa, ẹ má fò ó.

Ó wá ku ti àwọn fídíò kéékèèké orí fóònù. Ẹ má lé wọn dànù, tíṣà. Ohun tó gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wá sí kíláàsì yín nìyẹn, tẹ́ ẹ bá bú u, àwọn náà lẹ bú. Ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú èyí tó fẹ́ràn jù wá, kẹ́ ẹ wò ó pa pọ̀, kí ẹni tó mú un wá sọ ohun tí wọ́n gé kúrò níbẹ̀: ìgbà tí wọ́n ń po amọ̀, ìgbà tí amọ̀ ò tíì dúró sójú kan láàárín kẹ̀kẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ́ kó gbẹ, sísun àkọ́kọ́, sísun kejì, bó ṣe máa ń sún kì títí tí ife tó tóbi nígbà tó tútù á fi kéré lọ́wọ́ tó bá jáde nínú iná. Kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní títò. Àwọn tó ti lo amọ̀ díẹ̀ á mọ̀ ọ́n, àwọn tuntun á máa bi wọ́n.

Kí wọ́n wá ya tiwọn. Fóònù kan lókè, kó kọjú sí ọwọ́, kó má rí ojú ẹnikẹ́ni, ìyẹn á tún dáàbò bo wọn tó bá bọ́ síta. Ìṣẹ́jú kan péré, kí wọ́n má mú un yára, kí wọ́n má gé ibi tó wó. Ẹ tọ́jú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Tó bá di ìparí, ẹ gbé èyí tí ọmọ kọ́kọ́ ya síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó wo ìgúnpá ara ẹ̀. Ẹ tún bi àwọn tó ya èyí tó hàn dáadáa bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ fi tiwọn han àwọn tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, torí ọmọ ọdún 14 tó rí ọwọ́ ọmọ ọdún 16 tó mọ̀ lójú, tó ṣe é ní kẹ̀kẹ́ kan náà tóun náà fẹ́ jókòó sí, á gbà pé òun lè ṣe é kíákíá ju ìgbà tó bá rí ọ̀gá lọ. Èmi kì í fi fídíò ọ̀gá kankan ṣáájú irú ìyẹn mọ́ tí mo bá ti ní in lọ́wọ́.